Okùn aláwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń wé mọ́ apá ọmọ: Kí ló ń sọ, báwo lẹ ṣe lè lò ó nílé?

Bí ìyá bá gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn alábọ́dé lásìkò Ọ̀sẹ̀ Ìlera Ìyá àti Ọmọ, ohun tó máa ń rántí tó bá padà délé ni fítámì A tí wọ́n kán sí ọmọ lẹ́nu àti oògùn aràn tí wọ́n fún un. Ó lè má rántí pé okùn pẹlẹbẹ kan wà tí nọ́ọ̀sì wé mọ́ ọmọ náà lápá, tó wò ó fìrí, tó kọ nǹkan sínú ìwé, tó sì tú u. Gbogbo rẹ̀ ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ìyá ò béèrè, nọ́ọ̀sì náà ò ṣàlàyé, èrò ṣáà pọ̀ lórí ìlà.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ yẹn lọ́jọ́ náà, okùn yìí ló lè tú àṣírí ewu tí ẹnikẹ́ni nínú ilé ò tíì fojú rí. Ohun tó tún dára níbẹ̀ ni pé kò pọn dandan kó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló máa lò ó. Ìyá lè ṣe é, bàbá lè ṣe é, ìyá àgbà tó bá ṣì ríran dáadáa náà lè ṣe é.

MUAC ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń pe òṣùwọ̀n náà. Kò ju bí apá ṣe tóbi tó yíká lọ, ní àárín gbùngbùn èjìká àti ìgúnpá. Ẹni tó bá ti rí ibi tí àwọn àgbà máa ń so ìfúnpá mọ́ ti mọ ibi tí wọ́n ń wí. Àwọ̀ mẹ́ta ló wà lára okùn náà, pupa, yẹ́lò àti àwọ̀ ewé, bíi ti iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì.

Ọmọ tó ti pé oṣù 6 títí dé oṣù 59, ìyẹn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ni wọ́n ṣe àwọn àwọ̀ yìí fún. Tí apá ọmọ bá wọn sẹ̀ǹtímítà 12.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọ̀ ewé nìyẹn, apá náà ò tíì fi hàn pé ọmọ ń rù. Tó bá bẹ̀rẹ̀ láti 11.5 àmọ́ tí kò tó 12.5, yẹ́lò ni. Àìjẹunrekánú ti wọlé, ṣùgbọ́n kò tíì le jù. Tí kò bá tó 11.5, pupa ni. Àìjẹunrekánú tó le nìyẹn, ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú láìfi falẹ̀ rárá.

Ààlà 11.5 yìí ò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́. 11.0 ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Ọdún 2009 ni àjọ ìlera àgbáyé WHO àti UNICEF jọ gbé e sókè, nítorí pé ewu ikú ṣì pọ̀ lórí àwọn ọmọ tí apá wọn fi díẹ̀ lé ní 11, ààlà àtijọ́ ò sì kà wọ́n mọ́ àwọn tó nílò ìtọ́jú. Ìdajì sẹ̀ǹtímítà péré ni wọ́n fi kún un. Fún ọmọ tí apá rẹ̀ wọn 11.3, ìdajì yẹn ni ìyàtọ̀ láàárín kí wọ́n gbà á wọlé ìtọ́jú àti kí wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ máa gbé e lọ sílé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ apá?

Ènìyàn lè béèrè pé kí ló dé tí wọn ò fi wo ikùn tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ikùn ọmọ tí aràn tàbí àìjẹunrekánú ń bá jà lè yọ síwájú gbọ̀ngbọ̀n, kó dà bíi pé ọmọ náà yó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà lè wú, kí àwọn ará ilé máa sọ pé ó ń sanra. Apá kì í fi bẹ́ẹ̀ purọ́. Nǹkan mẹ́ta tó ṣe kókó ló wà lábẹ́ awọ rẹ̀: eegun, ẹran ara àti ọ̀rá díẹ̀. Tí oúnjẹ tó ń wọlé ò bá tó, tàbí tí ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá ń gba agbára ọmọ, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀rá àti ẹran tó ti kó pamọ́. Eegun wà níbẹ̀, ohun tó bò ó ló ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Ohun kejì wà tó mú kí apá wúlò gan-an. Láti ọmọ ọdún kan títí dé ọdún márùn-ún, apá ọmọ tó ń jẹun dáadáa kì í fi bẹ́ẹ̀ tóbi sí i. Ọ̀rá ìgbà tó wà ní ọmọ ọwọ́ ń dínkù, ẹran ara ń gba ipò rẹ̀, nítorí náà òṣùwọ̀n náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dúró sójú kan bí ọmọ ṣe ń ga. Ìdí nìyí tí nọ́mbà kan náà fi tó fún ọmọ ọdún kan àti ọmọ ọdún mẹ́rin. Òṣìṣẹ́ ìlera ò nílò ọjọ́ ìbí, èyí tí ọ̀pọ̀ ìyá ní abúlé ò kọ sílẹ̀. Kò nílò ìwọ̀n tó ń lo bátìrì, kò nílò pátákó tí wọ́n fi ń wọn gíga. Á ká okùn náà sápò, á sì gun ọ̀kadà lọ.

Kí wá ló dé tí ojú lásán ò tó? Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Apá tó wọn sẹ̀ǹtímítà 12.5 yíká, tí èèyàn bá wò ó láti iwájú, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 4. Èyí tó wọn 11.5 jẹ́ bíi 3.7. Mìlímítà 3 péré ló wà láàárín ọmọ tó wà nínú àwọ̀ ewé àti ọmọ tó ti fẹ́ bọ́ sínú pupa! Kò sí ìyá tó ń wẹ ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́ tó lè fojú mọ ìyẹn, torí pé kì í lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ará ilé á ní bí bàbá rẹ̀ ṣe tín-ín-rín náà nìyẹn, tàbí pé eyín ló ń hù. Nígbà míì, òótọ́ ni. Nígbà míì, kì í ṣe òótọ́, okùn nìkan ló sì lè yà á sọ́tọ̀.

Àwọn ìyá àgbà ní ọgbọ́n tiwọn tẹ́lẹ̀. Tí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bọ́ sí itan, wọ́n á ti mọ̀ pé ọmọ ń rù. Ọgbọ́n kan náà ni okùn yìí, nọ́mbà ni wọ́n fi kún un.

Ìmẹ̀sí-Ilé àti ogun abẹ́lé wà nínú ìtàn rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ló rò pé òkè òkun ni wọ́n ti ro nǹkan yìí pé kí wọ́n tó gbé e wá fún wa. Kò rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Láti ọdún 1956, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ David Morley ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì fi Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú tí ọ̀pọ̀ mọ̀ mọ́ ogun Kírìjì, ṣe ibi tó ti ń tẹ̀ lé bí àwọn ọmọ ṣe ń dàgbà. Ibẹ̀ ló ti ń ṣe kílíníìkì fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ibẹ̀ náà ló ti ṣe káàdì tí wọ́n ń ya ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù, ó sì ní kí ìyá ọmọ máa tọ́jú káàdì náà sílé fúnra rẹ̀. Àwọn kan lérò nígbà náà pé àwọn ìyá á sọ ọ́ nù. Wọn ò sọ ọ́ nù. Irú káàdì yẹn tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àwòrán ìlà tó ń gòkè nínú ìwé kílíníìkì àwọn ọmọ wa lónìí, ìdílé rẹ̀ ni.

Nígbà tí ogun abẹ́lé Nàìjíríà ń lọ lọ́wọ́ láàárín 1967 sí 1970, tí ebi ń pa àwọn ọmọdé lápá ìlà-oòrùn, ikọ̀ ìrànwọ́ ìjọ Quaker wà lára àwọn tó ń pín oúnjẹ. Ìṣòro wọn ò ṣòro láti mọ̀: ọmọ pọ̀ lórí ìlà, oúnjẹ ò tó, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹ? Ọ̀pá ni wọ́n fi yanjú rẹ̀. Wọ́n kọ òṣùwọ̀n apá sí ara ọ̀pá náà ní oríṣiríṣi gíga. Wọ́n á wọn apá ọmọ, wọ́n á mú un dúró ti ọ̀pá. Tí orí ọmọ bá ga kọjá àmì tó bá apá rẹ̀ mu, a jẹ́ pé apá náà ti kéré jù fún gíga rẹ̀, wọ́n á fà á sápá kan fún ìrànwọ́. QUAC stick ni wọ́n pè é, wọ́n sì tẹ àlàyé rẹ̀ jáde nínú ìwé ìṣègùn lọ́dún 1969.

Ọdún 1974 ni àwọ̀ mẹ́ta náà wá di mímọ̀. Morley yìí kan náà àti Adnan Shakir, dókítà ọmọdé ní Baghdad lórílẹ̀-èdè Iraq, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet pé kí wọ́n fi àwọ̀ rọ́pò nọ́mbà, kí ẹni tí kò kàwé lè lò ó. Ààlà tiwọn ga ju ti òní lọ, 13.5 àti 12.5 ni. Kò sì ná wọn lówó: fíìmù X-ray àlòkù ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé máa ń fọ̀, tí wọ́n á gé tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n á fi àwọ̀ kùn.

Bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n

Ẹ bọ́ aṣọ kúrò lápá òsì ọmọ. Ẹ má wọ̀n ọ́n lórí aṣọ, bó ti wù kí aṣọ náà fúyẹ́ tó. Ẹ gbé ọmọ lé itan ẹni tó mọ̀ dáadáa, torí ọmọ tó bá ń ké, tó ń jà, á máa le apá, òṣùwọ̀n á sì yàtọ̀.

Ẹ ká apá rẹ̀ níbi ìgúnpá, bí ìgbà tó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ yín. Ẹ fọwọ́ wá ṣóńṣó eegun èjìká, ẹ wá ṣóńṣó eegun ìgúnpá lẹ́yìn. Ẹ fi òwú wọn láti ibì kan sí ìkejì, ẹ ṣẹ́ òwú náà sí méjì, ibi tí ìdajì rẹ̀ bá dé ni kí ẹ fi báírò fàmì sí. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí apá náà sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbàgbé ibí yìí, wọ́n á fi apá sílẹ̀ ní kíká, wọ́n á wá wọn iṣan tó ti ṣù.

Ẹ wé okùn náà yíká lórí àmì yẹn. Ó gbọ́dọ̀ kan ara yípo, àmọ́ kó má fún un. Tí awọ bá ń ká jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn, ó ti le jù, á sì mú kí apá kéré ju bó ṣe rí lọ. Tí ìka lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ti dẹ̀ jù, èyí ló sì léwu jù nínú méjèèjì, torí pé á fi ọmọ tó wà nínú pupa sínú yẹ́lò, á fi ti yẹ́lò sínú àwọ̀ ewé, ọkàn ìyá á sì balẹ̀ níbi tí kò yẹ kó balẹ̀. Ẹ ka nọ́mbà tàbí àwọ̀ tó bọ́ sójú fèrèsé kékeré ara okùn náà. Ẹ tú u, kí ẹ tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kejì. Tí méjèèjì bá jìnnà síra, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹni tí kò bá ní okùn aláwọ̀ lè lo tépù télọ̀, àmọ́ ẹ fara balẹ̀. Ojú méjì ni tépù télọ̀ ní, ọ̀kan jẹ́ íǹṣì, èkejì sẹ̀ǹtímítà. 12.5 ò tó íǹṣì 5 géérégé, ó kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, 11.5 sì jẹ́ bí íǹṣì mẹ́rin ààbọ̀. Ẹni tó bá fi íǹṣì ṣe é máa ṣìṣe, torí mìlímítà kan méjì ló ń yí àwọ̀ padà níbí. Tépù tó ti pẹ́ lọ́rùn télọ̀ náà máa ń nà. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà ọmọ iléèwé kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 ńkọ́? Àwọn àwọ̀ yìí kì í ṣe tiẹ̀. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n gbé e ka ìwọ̀n, kí wọ́n sì wo bó ṣe ń mu ọmú.

Ẹ má tíì tú ọmọ sílẹ̀ kí ẹ tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá 3 kí ẹ tó gbé e kúrò. Tí ibi tí ẹ tẹ̀ bá jìn wọnú, tí kò tètè padà, lẹ́sẹ̀ méjèèjì, omi ló kó sí ọmọ náà lára. Kwashiorkor nìyẹn, ọmọ náà sì wà nínú ewu bí okùn bá tiẹ̀ mú àwọ̀ ewé jáde. Irú ọmọ yìí ni wọ́n máa ń sọ pé ara rẹ̀ yọ̀, pé ó sanra. Ilé ìwòsàn ni ibi tó kàn, lọ́jọ́ náà gan-an.

Tó bá wá mú yẹ́lò tàbí pupa ńkọ́?

Pupa kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ẹ fẹ́ lọ fi ẹ̀kọ àti mílíìkì tọ́jú rẹ̀ nílé. Nílé ìwòsàn, wọ́n á kọ́kọ́ wò ó bóyá àìsàn mìíràn wà lára rẹ̀, wọ́n á sì fún un ní oúnjẹ díẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó lè jẹun. Ọmọ tó bá lè jẹ, tí kò ní ibà líle tàbí wíwú tó pọ̀, kò ní láti dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n á fún ìyá rẹ̀ ní oúnjẹ ìtọ́jú tó wà nínú ọ̀rá kékeré, tí wọ́n fi ẹ̀pà, mílíìkì lẹ́búlẹ́bú, òróró, ṣúgà, fítámì àti àwọn èròjà mìíràn ṣe. Ọ̀rá kan jẹ́ gíráàmù 92, kálórì inú rẹ̀ tó 500. Wọn kì í fi omi pò ó, wọn kì í sè é, bẹ́ẹ̀ ni ọmú ò gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró. Ìyá á máa padà wá, wọ́n á máa tún apá wọ̀n, títí tó fi máa dé 12.5 tí kò sì ní já mọ́. Ọmọ tí kò bá lè jẹ, tàbí tó ń rẹ̀ gidi, ni wọ́n máa ń dá dúró sílé ìwòsàn ńlá.

Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́dé ló ní oúnjẹ yìí nílẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìtọ́jú náà, kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ síbẹ̀, kí ẹ má kàn padà sílé. Ẹ̀bẹ̀ kan tún wà fún àwọn ará ilé: oògùn ni oúnjẹ inú ọ̀rá yẹn. Òótọ́ ni pé ó dùn. Tí ẹ̀gbọ́n ọmọ bá ń bá a lá a, apá ò ní lọ sókè.

Yẹ́lò ṣì jẹ́ ìkìlọ̀ o, ẹ gbé ọmọ náà lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Nílé, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kù. Ògì lásán kì í gbé ọmọ ró, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó lè kún ikùn ọmọ láì fún un ní nǹkan. Ẹ jẹ́ kó ki díẹ̀, kí ẹ fi sóyà tàbí ẹ̀pà lílọ̀ sí i. Ẹ̀wà tí wọ́n bó, mọ́ínmọ́ín, ẹyin, edé lílọ̀, ẹja tí wọ́n yọ eegun rẹ̀, epo pupa díẹ̀, kò sí èyí tí kò sí lọ́jà wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ẹyin lásìkò yìí ò ṣeé fi ṣeré. Ọmọ tó ń bọ̀ láti inú àìsàn nílò kó máa jẹun léraléra, díẹ̀díẹ̀.

Ó dáa kí ẹ máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn àìsàn èyíkéyìí tó bá gbé ọmọ dálẹ̀.

Ṣé àwọn ìyá lè ṣe é lóòótọ́?

Àwọn kan nínú iṣẹ́ ìlera ti ṣiyèméjì nípa èyí. Orílẹ̀-èdè Niger, tó mú ààlà ilẹ̀ Nàìjíríà lápá àríwá, ni wọ́n ti dán an wò. Ní agbègbè Zinder, àjọ ALIMA àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe máa fi okùn aláwọ̀ wọn ọmọ wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò kàwé. Wọn ò ní kí wọ́n máa fi òwú wá àárín apá, ojú ni wọ́n ní kí wọ́n fi wò ó. Síbẹ̀, àwọn ìyá náà ṣe é dáadáa bíi ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni pé àwọn ọmọ tí ìyá wọn ń wọ̀n tètè dé ibi ìtọ́jú, kí apá wọn tó rù jù, iye wọn tó nílò kí wọ́n dá dúró sílé ìwòsàn sì kéré sí ti ibi tó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ nìkan ló ń wọ̀n. Kò yani lẹ́nu. Òṣìṣẹ́ lè wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù mélòó kan. Ìyá ò kúrò lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò bá rí òwú àti báírò kó má tìtorí ẹ̀ fi okùn sílẹ̀.

Ohun kan wà tí okùn yìí ò lè sọ. Kò mọ̀ bóyá ọmọ ga tó ọjọ́ orí rẹ̀. Ìwádìí ìjọba tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni kò ga tó bó ṣe yẹ, nígbà tí àwọn tó rù jẹ́ ìdá 7. Ọmọ lè kúkúrú nítorí àìjẹunrekánú ọlọ́jọ́ pípẹ́ kí apá rẹ̀ sì wà nínú àwọ̀ ewé. Àwọn ọmọ kan náà wà tí ìwọ̀n ara wọn kéré fún gíga wọn, tí apá wọn ò sì fi hàn. Okùn ò ní kí ẹ má gbé ọmọ lọ sórí ìwọ̀n mọ́.

Àwọn àgbà náà ní tiwọn

Aláboyún wà lára àwọn tí wọ́n ń wọn apá wọn. Ikùn ń tóbi, ìwọ̀n ara ń lọ sókè, apá ò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà, torí náà ó lè sọ bóyá ìyá fúnra rẹ̀ ń jẹun tó. Àwọn ètò kan ń fi sẹ̀ǹtímítà 23 ṣe ààlà, àwọn mìíràn ń lo 21. Ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Ìlú Ọba, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá ń tọ́jú arúgbó tí kò lè dìde lórí ibùsùn lè wọn apá rẹ̀ dípò kó gbé e ka ìwọ̀n: tí kò bá tó 23.5, ó ṣeé ṣe kí arúgbó náà ti rù jù fún gíga rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí òṣùwọ̀n apá ti kan àgbàlagbà jù lọ nílẹ̀ wa ni ibi tí ọ̀pọ̀ ò ti ronú kàn án, ìyẹn BP. Kì í ṣe lásán ni wọ́n fi ń pe BP ní ìfúnpá nínú ìwé. Aṣọ tó ń wú tí wọ́n ń wé mọ́ apá yẹn ní ìwọ̀n tirẹ̀, bíi bàtà. Tó bá kéré ju apá lọ, á máa fún un lódì, nọ́mbà á ga ju bó ṣe rí. Tó bá tóbi jù, nọ́mbà á wálẹ̀ ju bó ṣe rí.

Àwọn olùwádìí ní Johns Hopkins nílùú Baltimore lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà fi àgbàlagbà 195 dán an wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2023. Wọ́n fi aṣọ gbogboogbò wé wọn lápá, wọ́n sì tún lo èyí tó bá apá kálukú mu. Fún àwọn tó yẹ kó lo èyí tó tóbi, aṣọ gbogboogbò fi bíi 4.8 kún nọ́mbà òkè. Fún àwọn tó yẹ kó lo èyí tó tóbi jù lọ, 19.5 ló fi kún un. Ìyẹn ni pé màmá oníṣòwò tí nọ́mbà òkè rẹ̀ jẹ́ 125 lè bá 144 pàdé, kí wọ́n sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru, kó bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn tí kò nílò. Ní ti àwọn tí apá wọn kéré, aṣọ náà yọ 3.6 kúrò, èyí tó lè bo ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń wọn BP lójú ọ̀nà àti nílé ìtajà oògùn, aṣọ kan ṣoṣo ló wà, òun náà ni wọ́n fi ń wé gbogbo ẹni tó bá wá. Kí ẹ tó jókòó síbẹ̀, ó yẹ kí ẹ mọ nọ́mbà apá yín. Ọ̀nà kan náà tí wọ́n fi ń wọn ti ọmọ ni, tépù télọ̀ á sì tó fún àgbàlagbà. Láti 22 sí 26, aṣọ kékeré ló bá a mu. 27 sí 34, ti gbogboogbò. 35 sí 44, èyí tó tóbi. 45 sí 52, èyí tó tóbi jù lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ sílé, ẹ yẹ ara aṣọ rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó, wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀, irú bíi 22–32 cm. Tí apá yín bá jẹ́ 36, ẹ̀rọ yẹn ò lè sọ òótọ́ fún yín, bó ti wù kó wọ́n tó. Ẹ béèrè aṣọ tó tóbi. Tí wọ́n bá sì ti fi aṣọ tó kéré wọn BP yín, tí nọ́mbà rẹ̀ sì ga, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, kí wọ́n tún un wọ̀n kó tó kọ oògùn.